Bọ́tìnnì Ọwọ́ Ọ̀tún Màmá Mi

Lẹ́tà "a" ló kọ́kọ́ kú. Ẹni tó bá ti fi Yorùbá kọ nǹkan rí mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Mo ń tẹ ìbéèrè ìdánwò àwọn ọmọ kíláàsì mi lórí kọ̀ǹpútà tó wà nínú pálọ̀ wa ní Ìlọ́fà, mo tẹ "a", kò jáde. Mo tún un tẹ̀, ó dákẹ́. Mo gbá a létí. Mo dojú kíbọ́ọ̀dù dé, mo gbọ̀n ọ́n, gààrí tí mo ti ń jẹ lórí rẹ̀ láti bí ọdún méjì dà sílẹ̀, èèrà bíi mẹ́ta sá jáde, ṣùgbọ́n "a" kò jí.

Kí n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́: èmi kì í ṣe onísùúrù. Màmá mi máa ń sọ pé nígbà tí wọ́n ń pín sùúrù, ẹ̀yìnkùlé ni mo wà tí mo ń bá adìẹ jà. Ó kù díẹ̀ kí n ju kíbọ́ọ̀dù náà gba ojú fèrèsé. Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan ní Ọ̀bọ̀-Ayégúnlẹ̀, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdìrì, ló sọ fún mi lórí fóònù pé kí n farabalẹ̀. Ó ní ètò kékeré kan wà tí ènìyàn lè fi sọ fún kọ̀ǹpútà pé bọ́tìnnì báyìí, iṣẹ́ tirẹ̀ ti tán, iṣẹ́ bọ́tìnnì mìíràn ni kó máa ṣe. Ó fi ètò náà ránṣẹ́ sí mi. Mo wo ojú kíbọ́ọ̀dù, mo rí bọ́tìnnì kan lókè lápá ọ̀tún tí n kò fọwọ́ kàn rí láti ọjọ́ tí mo ti ra kọ̀ǹpútà. Mo ní, ìwọ ọ̀lẹ yìí, iṣẹ́ dé. Mo yan "a" fún un. Mo tẹ̀ ẹ́, "a" sì jáde wẹ́rẹ́.

Mo dìde lórí àga, mo jó. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú pálọ̀, mo sì jó yí àga yẹn ká lẹ́ẹ̀mejì. Kì í ṣe lẹ́tà kan péré ni mo ń jó fún o. Láti ọjọ́ tí mo ti ń lo kọ̀ǹpútà, mo rò pé bí àwọn bọ́tìnnì yẹn ṣe dé láti ibi tí wọ́n ti ṣe wọ́n ni wọn yóò ṣe wà títí ayé. N kò mọ̀ pé ènìyàn lè dá ẹnìkan dúró lẹ́nu iṣẹ́ kó sì gba ẹlòmíràn.

Bẹ́ẹ̀ ni orí mi ṣe wú. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, mo ti fún bọ́tìnnì kan níṣẹ́ pé kó máa kọ àdírẹ́sì ilé-ìwé wa, òmíràn pé kó máa ṣí ìwé máàkì, òmíràn pé kó máa kọ ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ ń kọ sí ìsàlẹ̀ káàdì àwọn ọmọ nígbà tí táàmù bá parí. Ọ̀nà àbùjá ni mo ń pè wọ́n. Àbùjá tó kẹ́yìn yẹn ló kó mi sí wàhálà. Mo fi ayọ̀ tẹ̀ ẹ́ tẹ̀ ẹ́, n kò sì yẹ̀ ẹ́ wò, ni gbogbo kíláàsì bá gba "Ọlọgbọ́n ọmọ ni, ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀ ti pọ̀ jù." Ìyá ọmọ kan wá bá mi láti Ìdòfin, ó ní ọmọ òun kì í sọ̀rọ̀ títí wọn ó fi rò pé adití ni, ariwo wo ló wá pa? Mo bẹ̀ ẹ́ títí ẹnu fi ń ro mí.

Màmá mi gbọ́ ìtàn yìí, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, "Ṣé o rí i? Kò sí àbùjá lọ́rùn ọ̀pẹ. Ibi tí a bá gbà gòkè náà la ó gbà sọ̀."

Wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti fi mí ṣe ẹlẹ́yà, torí àwọn ni wọ́n kọ́ mi ní títẹ̀. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí Màmá mi fi tẹ taipuráítà ní ọ́fíìsì ilé-ìwé kan, gbogbo ìbéèrè ìdánwò ló ń gba ọwọ́ wọn kọjá. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, wọ́n á gbé mi jókòó síwájú ẹ̀rọ náà, wọ́n á fi táwẹ́ẹ̀lì bo ọwọ́ mi méjèèjì kí n má baà lè wo lẹ́tà. "Má wo ọwọ́ rẹ. Ìwé ni kí o wò." Bí mo bá yọjú wo abẹ́ táwẹ́ẹ̀lì, rúlà á bá mi lórí ìka. Mo sunkún, mo bínú, mo mọ̀ ọ́n. Títí dòní, bí mo bá ń tẹ nǹkan, n kì í wo ọwọ́.

Nígbà tí òjò ń rọ̀ gidi lọ́dún yẹn ni àìsàn rọpárọsẹ̀ kọ lu Màmá mi. Ojú ọ̀nà ti di ẹrẹ̀, ó pẹ́ kí a tó rí ọkọ̀ tó gbé wọn débi ìtọ́jú. Ọlọ́run bá wa ṣe é. Ẹnu wọn padà bọ̀ sípò, ẹsẹ̀ padà débi tí wọ́n fi ń tọ̀pá rìn, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún kò padà. Orí itan ló máa ń wà láti àárọ̀ dalẹ́, ó ká gúlútú, bí ẹni di ìkúùkù tó sì gbàgbé láti tú u. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n máa gbé e sókè sódò ní ogún ìgbà lójoojúmọ́. Wọ́n kọ̀. "Kí ni mo ń gbé ọwọ́ sókè sódò fún, bí ẹni ń lé eṣinṣin?"

Ohun tó ń jẹ wọ́n lọ́kàn kì í ṣe ọwọ́ fúnra rẹ̀. Akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ìyá ni wọ́n ní ìjọ wa, ipò yẹn sì ti wà lọ́wọ́ wọn láti ìgbà tí mo wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ni wọ́n ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé tí gbogbo wọn ń pè ní míníìtì, àwọn ni wọ́n sì ń kà á. Òfin kan wà nínú ẹgbẹ́ náà tó le ju òkúta lọ: akọ̀wé gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ míníìtì, ọmọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ bá a kọ ọ́, kò sì gbọdọ̀ rí i. Wọ́n ní akọ̀wé kan nígbà kan rí ni kò ríran dáadáa, ló bá ní kí ọmọ òun obìnrin bá òun kọ ọ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, gbogbo ìjà tí àwọn ìyá jà nínú ìpàdé ti dé etí àwọn tó ń gún iyán tà ní Odò-Ọ̀wá. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti fi òfin dè é.

Màmá mi gbìyànjú láti fi ọwọ́ òsì di báírò mú. Ohun tó jáde dà bí ibi tí adìẹ ti ta ilẹ̀. Ìpàdé kan kọjá láìsí míníìtì. Ìkejì kọjá. Nígbà tó yá, Ìyá Ẹgbẹ́, ẹni tó dàgbà jù nínú gbogbo wọn, gbé iṣu mẹ́ta wá kí wa. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni wọ́n, wọn kò sọ ọ̀rọ̀ burúkú kankan. Wọ́n ní, "Akọ̀wé wa, a ti dúró dè ọ́ ní ìpàdé méjì. Bí ìkẹta bá tún dé tí a kò rí míníìtì, a ó fi ẹlòmíràn síbẹ̀, kí ìwọ náà lè sinmi."

Màmá mi ní, "Ẹ ṣé, ìyá mi." Nígbà tí ìyá náà lọ tán, Màmá mi kọjú sí ògiri. Mo bi wọ́n bóyá kí n se iṣu náà. Wọ́n ní, "Wọ́n ní kí n lọ sinmi. Òkú ló ń sinmi."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi dé egungun. Lẹ́sẹ̀ kan náà ni orí mi tún yí sọ́dọ̀ bọ́tìnnì. Mo ní, "Màmá, òfin ní kí ẹ fi ọwọ́ yín kọ ọ́. Ṣé ó ní báírò ni kí ẹ fi kọ ọ́?" Wọ́n yí ojú padà kúrò lára ògiri. Mo ní kí wọ́n gbà mí láàyè, mo fẹ́ kọ́ ilé tuntun fún ọwọ́ òsì wọn lórí kíbọ́ọ̀dù yẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí ìpàdé kẹta tó dé.

Ká má parọ́, mo gbádùn iṣẹ́ náà ju bó ṣe yẹ lọ. Bí mo bá ti ilé-ìwé dé, tí mo bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà, n kì í tíì bọ́ bàtà tí mo ti ń tan kọ̀ǹpútà. Mo kọ́kọ́ ṣètò pé bí lẹ́tà ńlá bá máa gba ìka méjì, kí kọ̀ǹpútà dúró de ìka kejì, kí ìka kan náà lè tẹ àkọ́kọ́, kó sì wá tẹ ìkejì. Mo mú iṣẹ́ fífi ìwé pamọ́, tó ń gba bọ́tìnnì méjì tẹ́lẹ̀, mo gbé e fún bọ́tìnnì kan ṣoṣo lápá òsì. Mo gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn bọ́tìnnì tó lè ti ojú ìwé pa lójijì, torí ọwọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ lè ṣèèṣì. Ni mo bá tún ṣe àṣejù. Mo rò ó pé bí ọwọ́ òsì nìkan bá ni yóò tẹ̀wé, ẹ jẹ́ kí n kó gbogbo lẹ́tà tí a ń lò jù wá sápá òsì. Odindi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan ni mo fi kó wọn kiri.

Màmá mi jókòó, wọ́n tẹ orúkọ ara wọn. Kátakàta ló jáde. Wọ́n wo ojú kọ̀ǹpútà, wọ́n wò mí, wọ́n sì fi ohùn ìlú wa bi mí:

"Ta ló kó àwọn lẹ́tà yìí kúrò ní ulé wọn?"

Mo ṣàlàyé. Wọ́n mi orí. "Ìka mi mọ ulé olúkúlùkù wọn láti ọgbọ̀n ọdún. O fẹ́ kí n wá máa kànlẹ̀kùn káàkiri lọ́jọ́ ogbó mi? Dá wọn padà." Mo dá wọn padà, àyàfi "a" tó ti kú, tí mo fún ní bọ́tìnnì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀ àtijọ́, mo ń kùn bí oyin. Àmọ́ òótọ́ ni wọ́n sọ: ọwọ́ òsì kan yẹn ń rìn lórí kíbọ́ọ̀dù láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, kò yára, ṣùgbọ́n kò ṣìnà.

Ohun tó yẹ kí n fún wọn ni àbùjá. Gbogbo míníìtì ló ní àwọn ọ̀rọ̀ tí kì í yí padà. Wọ́n sọ wọ́n fún mi, torí àwọn yẹn kì í ṣe àṣírí, mo sì yan bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan fún wọn láti ìlà òkè lápá òsì. Ọ̀kan ń kọ bí wọ́n ṣe gbàdúrà bẹ̀rẹ̀. Òmíràn ń kọ bí wọ́n ṣe ka míníìtì àtẹ̀yìnwá. Òmíràn ń kọ bí wọ́n ṣe fi oore-ọ̀fẹ́ parí. Bọ́tìnnì tí mo fi yangàn jù ni ti ìkíni. Àwọn ìyá mẹ́fà kan wà tí wọ́n ń jókòó níwájú, Ìyá Ẹgbẹ́ ni olórí wọn. Yálà wọ́n wá sí ìpàdé tàbí wọn kò wá, míníìtì kò lè bẹ̀rẹ̀ láìkí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe dàgbà sí, pẹ̀lú orúkọ wọn ní kíkún, kí akọ̀wé tó wá sọ pé òun kúnlẹ̀. Ìlà mẹ́jọ gbáko ni. Bọ́tìnnì kan, ìka òsì kan, ìlà mẹ́jọ jáde. Nígbà tí mo dán an wò, mo pàtẹ́wọ́ fún ara mi.

Màmá mi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí mo bá wọlé, wọ́n á fi táwẹ́ẹ̀lì bo ojú kọ̀ǹpútà. Táwẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi ń bo ọwọ́ mi nígbà èwe ti gbó dànù, ṣùgbọ́n ẹ̀rín pa mí. Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n wo ẹyọ ọ̀rọ̀ kan péré." Wọ́n ní, "Ọwọ́ rẹ ni kí o wò." Mo máa ń jókòó sí ìdáná, mo ń gbọ́ tò, tò, tò láti pálọ̀, inú mi á máa dùn. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ìró ìka wọn lórí ẹ̀rọ kẹ́yìn.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ku ọjọ́ mẹ́jọ sí ìpàdé, tò, tò dúró. Mo bi wọ́n bóyá iṣẹ́ ti parí.

"Ó kù díẹ̀."

"Kí ló kù?"

"Ìkíni."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ìyẹn ló rọrùn jù, bọ́tìnnì kan péré ni, mo tiẹ̀ na ìka sí i fún wọn. Wọ́n gbé ọwọ́ òsì wọn kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù, wọ́n gbé e sórí itan.

"N kò lè fi ọwọ́ òsì kí wọn."

Mo kọ́kọ́ rò pé eré ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n ní, "Gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù, mo lè fi òsì kọ ọ́, Ọlọ́run mọ ìdí. Ṣùgbọ́n kí n fi ọwọ́ òsì na orúkọ Ìyá Ẹgbẹ́? Kí n ní mo kúnlẹ̀, kí n sì na òsì sí wọn? A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ulé baba ẹni."

Ẹ wò ó, mo bínú. Mo ní kọ̀ǹpútà kò mọ òsì yàtọ̀ sí ọ̀tún. Mo ní bí ìwé bá ti jáde tán, ta ló máa gbóòórùn ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́? Wọ́n ní, "Èmi tí mo tẹ̀ ẹ́." Mo ní ó dára, ẹ jẹ́ kí n bá yín tẹ bọ́tìnnì ẹyọ kan yẹn. Wọ́n ní, "Kí n wá dúró nínú ulé Ọlọ́run kí n sọ pé ọwọ́ mi ló kọ ọ́?" Mo sọ ohun tí kò yẹ kí n sọ. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n gba ipò yẹn lọ́wọ́ yín nígbà náà, kí gbogbo wa sinmi."

Ẹyin lọ̀rọ̀. Ó bọ́, ó fọ́. Màmá mi na ọwọ́ òsì, wọ́n pa kọ̀ǹpútà. Mo jáde lọ sẹ́yìnkùlé, mo ṣá igi ìdáná títí apá fi ro mí. Ohun tó dùn mí jù ni pé èmi tí wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún yẹn tọ́, tí wọ́n ń fi rúlà nà bí mo bá fi òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, èmi ni mo gbàgbé. Mo kó gbogbo àbùjá jọ sápá òsì, n kò sì rántí bi ara mi léèrè lẹ́ẹ̀kan pé ta ni a ń fi wọ́n kí.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo tẹ̀ lé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. A kò tíì sọ̀rọ̀ púpọ̀ síra wa. Nígbà tí ìsìn parí, àwọn ènìyàn ń bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà, mo sì ń wò. Màmá mi á fi òsì mú ọrùn ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n á gbé e sókè jẹ́jẹ́, wọ́n á gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ ẹni tí wọ́n ń kí. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mo ń rí i, n kò rí i rí.

Mo dì mọ́ wọn níbẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn. Mo ní, "Màmá, mo ti rí i. Ọ̀tún náà ni ẹ ó fi kí wọn." Wọ́n ní kí n rọra, kí n má gbé àwọn ṣubú. N kò lè rọra. Ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn, èmi sì ń sáré síwájú, mo ń padà wá mú wọn, mo tún ń sáré.

Lápá ọ̀tún pátápátá lórí kíbọ́ọ̀dù wa, àwọn nọ́ńbà wà níbẹ̀ ní ọ̀wọ́ tiwọn. Mo gba iṣẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn, mo fún gbogbo wọn ní ìkíni. Mo rò ó pé ibi tí ìkúùkù Màmá mi bá ti já bọ́ sí, ìkíni ni yóò jáde. Wọ́n fi òsì gbé ọ̀tún sókè, wọ́n sọ ọ́ sílẹ̀. Ó bá bọ́tìnnì mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Ìlà mẹ́jọ jáde, ìlà mẹ́jọ jáde, ó tún jáde, ó tún jáde. Màmá mi ka iye wọn. Wọ́n ní, "Ìyá Ẹgbẹ́ yóò rò pé owó ni mo fẹ́ tọrọ." Ẹ̀rín pa wá débi pé mo jókòó sílẹ̀. N kò tíì gbọ́ ẹ̀rín wọn bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ń ṣàìsàn.

Mo wá mú ọ̀bẹ, mo yọ àwọn bọ́tìnnì nọ́ńbà náà kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo kó wọn sínú agolo mílíìkì. Ọ̀kan ṣoṣo tó gùn jù ni mo fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkúùkù fẹ̀ jù ú lọ, mo ní láti lẹ nǹkan mọ́ orí rẹ̀ kó lè ga. Mo gé fóòmù lára sílípáàsì mi tó ti já. Màmá mi wò ó.

"Bàtà? Mo ní n kò lè fi òsì kí wọn, o wá ní kí n fi bàtà kí wọn?"

Mo tún bẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní kí n lọ wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Orógùn tó ṣẹ́ wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n fi ro ọkà fún wa láti kékeré, igi rẹ̀ ti dán nítorí ọwọ́ wọn. Mo gé níwọ̀n ìka méjì lára rẹ̀, mo fi yanrìn fá a, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí bọ́tìnnì náà. Ó gbẹ di ọjọ́ kejì.

Màmá mi fi òsì mú ọ̀tún, wọ́n gbé e lé orí igi náà, wọ́n sì tì í sílẹ̀. Ìkíni jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, orúkọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní títò, "akọ̀wé yín kúnlẹ̀" ní ìparí. Wọ́n wò ó. Wọ́n ní, "Pa á rẹ́, kí n tún un ṣe." Èmi ni mo ń pa á rẹ́, nítorí wọ́n ní òsì kò gbọdọ̀ lé àgbà jáde. Wọ́n tún un ṣe. A tún un ṣe títí ọbẹ̀ mi fi jóná. Lọ́jọ́ kejì, wọn kò tíì jẹun tí wọ́n ti jókòó sídìí rẹ̀. Ogún ìgbà tí nọ́ọ̀sì bẹ̀ wọ́n bẹ̀ wọ́n, wọ́n ṣe ogójì láìmọ̀.

Lọ́jọ́bọ̀, mo dé láti ilé-ìwé, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ọwọ́ òsì wọn wà lórí itan. Ọ̀tún nìkan ló wà lókè, ó ń gbọ̀n, ó ga tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sórí tábìlì. Ó rọ̀ wálẹ̀ lórí igi orógùn, kọ̀ǹpútà sì kọ ìkíni. Mo fọwọ́ bo ẹnu. Màmá mi kò wẹ̀yìn, wọ́n ní, "Ṣé o máa dúró síbẹ̀ ni? Wá pa á rẹ́."

Mo pa á rẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé ìpàdé, àwọn ni wọ́n tẹ príńtà fúnra wọn, wọ́n ká ìwé náà sínú Bíbélì kí n má baà yọjú. Mo sìn wọ́n dé gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Mo yí sẹ́yìn, mo dúró sábẹ́ fèrèsé. Mo mọ̀ pé kò dára. Ìkíni nìkan ni mo fẹ́ gbọ́, ìyẹn kì í ṣe àṣírí.

Mo gbọ́ ọ̀pá Màmá mi nílẹ̀. Mo gbọ́ ohùn wọn, wọ́n ka orúkọ Ìyá Ẹgbẹ́, wọ́n ka ti ìkejì, wọ́n kà á dé ìkẹfà, wọ́n ní àwọn kúnlẹ̀. Ohùn Ìyá Ẹgbẹ́ wá jáde jẹ́jẹ́.

"Akọ̀wé, ta ló kọ ọ́?"

"Èmi ni, ìyá mi."

"Ọwọ́ wo lo fi kọ ọ́?"

Màmá mi ní, "Òsì ni mo fi kọ ọ̀rọ̀ ìpàdé, ìyá mi, ẹ dárí jì mí. Ọ̀tún ni mo fi kí yín."

Mo gbọ́ tí àga dún, tí ẹnìkan rìn lọ síwájú, n kò sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ títí Màmá mi fi sọ fún mi nígbà tó yá pé Ìyá Ẹgbẹ́ fúnra wọn ló dìde, tí wọ́n wá fi ọwọ́ méjèèjì mú ìkúùkù yẹn. Ohun tí mo gbọ́ lábẹ́ fèrèsé kò ju gbólóhùn kan lọ: "Akọ̀wé wa, máa kà á lọ." Mo sá kúrò níbẹ̀ kí àṣírí tó bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí a délé, wọn kò tíì tú gèlè tí wọ́n ti jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Wọ́n fẹ́ kọ lẹ́tà sí àwọn ẹ̀gbọ́n mi láti sọ fún wọn pé àwọn ṣì ni akọ̀wé. Wọ́n ní kí n bá àwọn yan bọ́tìnnì kan sí i, lápá ọ̀tún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi orógùn.

Mo gbọn agolo mílíìkì, mo mú bọ́tìnnì kan níbẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ padà sí àyè rẹ̀. "Kí ni kó máa kọ, Màmá?"

Wọ́n pe orúkọ mi ní kíkún, èyí tí wọ́n fún mi lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ fi òsì tẹ̀ ẹ́ jàre. Ọmọ yín ni mo jẹ́."

Wọn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ta ló kọ́ mi ní uṣẹ́ tí mo ń ṣe yìí? Ẹni tó kọ́ni ní uṣẹ́, ọ̀gá ẹni ni. Yàn án."

Mo yàn án. Mo tẹ orí mọ́lẹ̀ kí wọ́n má baà rí ojú mi. Màmá mi gbé ọwọ́ ọ̀tún wọn sókè láìfi òsì mú un, ó ń gbọ̀n, wọ́n sì fi kọ orúkọ mi.